Ọmọ Ajá Nínú Àgbàlá: Ibo Ni Yóò Máa Tọ̀ Sí?

Ẹ̀yin ẹbí Mùsùlùmí, ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń sin ajá nítorí olè, pàápàá àwọn tó kọ́lé sẹ́yìn ìlú. Ẹ̀sìn gbà wá láyè láti sin ajá ọdẹ, ti ẹran ọ̀sìn àti ti oko, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì ka ajá aṣọ́lé mọ́ wọn. Ìmọ́tótó ló kù. Àwọn mádíhábù kò fẹnu kò lórí itọ́ ajá (ẹ bi ààfáà yín), ṣùgbọ́n ẹ̀gbin ni ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ lọ́dọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ẹ yan igun kan tó jìnnà sí kànga, sí ibi ìkírun àti ibi tí àwọn ọmọ ti ń ṣeré. Ibẹ̀ nìkan ni kí ẹ máa mú un lọ.

Ọmọ ajá oṣù 2 kì í lè mú ìtọ̀ mọ́ra ju bíi wákàtí 2 sí 3 lọ lójú mọmọ. Torí náà, àkókò ìrun márààrún dára fún ìrántí, ṣùgbọ́n kò tó. Àsùbáà sí Aílà nìkan tó bíi wákàtí 7. Ẹ ó tún mú un jáde lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta láàárín wọn. Kí ẹ tó ṣe àlùwàlá ni kí ẹ ti mú un lọ, kó má baà tọ̀ sí yín láṣọ lẹ́yìn rẹ̀. Gbàrà tó bá jí, tó bá ṣeré tán, àti láàárín ìṣẹ́jú 5 sí 30 tó bá jẹun, ìgbà náà ni yóò fẹ́ tọ̀ tàbí ṣu. Ẹ máa fún un lóúnjẹ ní àkókò kan náà lójoojúmọ́, lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ sì kó àbọ̀ kúrò. Ẹ má fi omi dù ú o. Lóru, ẹ jí i lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́.

Bó bá ṣe é tán ní igun yẹn, ẹ yìn ín lójú ẹsẹ̀, kí ẹ fún un ní nǹkan kékeré jẹ níbẹ̀. Bẹ́ ẹ bá dúró dìgbà tẹ́ ẹ padà délé, kò ní mọ ohun tẹ́ ẹ torí rẹ̀ yìn ín.

Bó bá tọ̀ síbi tí kò yẹ, ẹ má nà án, ẹ má sì ti imú rẹ̀ bọ̀ ọ́. Ohun tó máa kọ́ ni pé kó máa sá pamọ́ fún yín tọ̀ sábẹ́ àga. Ẹ nu ún, ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ ibẹ̀, kí ẹ fi fínígà pa òórùn rẹ̀, torí ibi tó bá gbóòórùn ìtọ̀ ni yóò padà sí. Ẹ má da Hypo lé ìtọ̀: èéfín tó ń ti ibẹ̀ jáde ń pani lára.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni aràn. Inú ìyá ni ọmọ ajá ti máa ń gbé e wá. Bí ìgbẹ́ rẹ̀ bá pẹ́ ní ilẹ̀ bí ọ̀sẹ̀ 2 sí 4, ẹyin aràn inú rẹ̀ yóò ti gbó. Ọmọdé tó bá fi ọwọ́ iyẹ̀pẹ̀ jẹun lè gbé e mì, ó sì lè dé ojú rẹ̀. Ẹ máa fi ṣọ́bìrì kó o lójoojúmọ́, ẹ fọ ọwọ́ àwọn ọmọ. Láti ọ̀sẹ̀ 2 ni wọ́n ti ń lo oògùn aràn fún un. Ní oṣù 3, abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi.

Ọ̀pọ̀ wọn máa ń mọ̀ ọ́n láàárín oṣù 4 sí 6. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀ tó ṣì ń tọ̀ káàkiri, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Ó lè jẹ́ pé àìsàn ló wà nínú àpò ìtọ̀ rẹ̀.