Káńsù fẹ́ ṣòfin lórí kànga: kí ló kan àwa tá a wà lájò?

Láti oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún ọdún, ẹni tó bá ń gbé lábúlé ní ìpínlẹ̀ Kano, Jigawa, Yobe tàbí Bauchi mọ ohun tójú ń rí nídìí kànga. Okùn tó ń dé omi lásìkò òjò kì í dé e mọ́. Wọ́n á so òmíràn mọ́ ọn, wọ́n á tún so òmíràn. Tó bá yá, ẹrẹ̀ ni garawa á máa gbé bọ̀. Mai ruwa á wá gbé owó lé kẹ́ẹ̀gì bó ṣe wù ú, ìyàwó ilé á sì máa wọn omi bí ẹni ń wọn epo.

Irú àsìkò yìí náà ni ọ̀rọ̀ omi máa ń gbóná ní káńsù. Ẹnì kan á ní kí wọ́n ka gbogbo kànga tó wà. Ẹlòmíì á ní kí ẹnikẹ́ni má gbẹ́ bọọ́hóòlù mọ́ láìgba àṣẹ. Ẹlòmíì á ní kí wọ́n ya ilẹ̀ etí odò sọ́tọ̀. Ìbéèrè tó sì máa ń jáde nípàdé ẹgbẹ́ wa ni pé: "Ṣé wọ́n fẹ́ gba kànga lọ́wọ́ wa ni? Àbí owó orí tuntun tún ni?" A rò pé ó yẹ ká tú ọ̀rọ̀ yìí palẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, torí ẹni tí kò mọ ohun tí wọ́n ń jà sí kò lè mọ ibi tóun máa dúró sí.

Odò kò mọ ààlà

Àwọn onímọ̀ omi ní orúkọ kan fún gbogbo ilẹ̀ tí òjò bá rọ̀ sí, tí omi rẹ̀ máa ń wọ́ lọ sínú odò kan náà. Ẹ jẹ́ ká pè é ní àgbègbè odò. Bí ẹ bá da omi sínú àwo ńlá láti ẹ̀gbẹ́, ìsàlẹ̀ ló máa gbá jọ sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilẹ̀ ṣe ń kó omi jọ. Òkè tó wà lápá Jos àti oko tó wà ní Bauchi lè máa da omi sínú odò kan ṣoṣo. Odò yẹn ò mọ ààlà káńsù, kò mọ ààlà ìpínlẹ̀. Ẹni tó gé igi tán lórí òkè, tó dí ojú odò tàbí tó da májèlé sí i, ẹni tó wà nísàlẹ̀ ló máa jìyà rẹ̀.

Ìdí rèé tí wọ́n fi ń sọ pé kí káńsù má dá gbèrò lórí omi tirẹ̀ nìkan. Ó yẹ kó wo ibi tí omi ti ń bọ̀, kó sì wo ibi tó ń lọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí odò Hadejia

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan tó sún mọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa. Odò Kano àti odò Challawa ló pàdé tí wọ́n di odò Hadejia. Odò Hadejia gba Jigawa kọjá. Òun àti odò Jama'are, tó ti apá òkè Jos wá, ló ń bọ́ odò Yobe tó forí lé adágún Chad. Kí wọ́n tó dé ibẹ̀, wọ́n máa ń kún bo ilẹ̀ pẹrẹsẹ tó wà láàárín Hadejia àti Nguru lásìkò òjò. Fadama ńlá ni ibẹ̀. Àgbẹ̀, apẹja àti Fúlàní darandaran ló jọ ń jẹ níbẹ̀.

Lọ́dún 1974 ni wọ́n parí dáàmù Tiga lórí odò Kano. Lọ́dún 1992, ti Challawa Gorge tẹ̀ lé e. A ò sọ pé dáàmù ò wúlò o. Àwọn ni ìlú Kano ń rí omi mu lára wọn, àwọn náà ló sì ń fún oko ìrẹsì àti tòmátì ní Kura àti Kadawa lómi lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Àmọ́ omi tí wọ́n dá dúró lókè kò lè kún bo ilẹ̀ ìsàlẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Omi díẹ̀díẹ̀ tó sì ń ṣàn ní gbogbo ìgbà ló jẹ́ kí koríko tí wọ́n ń pè ní kachalla ráyè hù, tó fi dí ojú odò pa ní ọ̀pọ̀ ibi.

Kí ló wá kan kànga? Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Omi kànga kì í ṣàdédé wà nínú ilẹ̀. Omi òjò àti omi odò tó kún bo ilẹ̀ ló máa ń rọra jò wọlẹ̀, tó ń di omi abẹ́ ilẹ̀. Àwọn onímọ̀ tó ṣèwádìí láàárín Hadejia àti Nguru rí i pé omi tó ń kún bo ilẹ̀ yẹn wà lára ohun tó ń bọ́ kànga àwọn abúlé ibẹ̀. Bí kíkún omi bá dín kù, omi kànga á lọ sísàlẹ̀ sí i. Obìnrin tó ń fa omi lábúlé kan nítòsí Nguru lè má fojú kan dáàmù Tiga rí láyé rẹ̀, síbẹ̀ dáàmù yẹn lè wà lára ohun tó mú kí okùn ọwọ́ rẹ̀ gùn. Àwọn àgbà wa ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ló máa gbẹ. Kànga náà ní orísun.

Kànga tèmi, kànga tìẹ, omi kan náà

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé tóun bá ti gbẹ́ kànga sínú ọgbà òun, omi abẹ́ rẹ̀ ti di tòun. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní gúúsù àti ìwọ̀ oòrùn Kano, àpáta ló wà nísàlẹ̀. Inú ilẹ̀ tó bo àpáta yẹn àti inú ibi tí àpáta ti sán ni omi wà. Kò pọ̀, ó sì tètè ń tán. Bí ẹnì kan bá gbé pọ́ńpù ńlá sórí bọọ́hóòlù tó jìn, kànga tí kò jìn tó wà nítòsí lè gbẹ. Látìgbà tí ètò Fadama tí Báńkì Àgbáyé ràn lọ́wọ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1993 ni kànga onípáìpù ti ń pọ̀ létí odò. Nígbà yẹn, owó epo bẹntiróòlù ló ń jẹ́ kí èèyàn pa pọ́ńpù. Ní báyìí tí pọ́ńpù olóòrùn ti dé, oòrùn ò gbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, pọ́ńpù sì lè máa fà látàárọ̀ dalẹ́.

Ìdọ̀tí náà ń rin ìrìn yẹn. Lọ́dún 2010 ní Zamfara, erùpẹ̀ òjé tó ń jáde látinú òkúta tí wọ́n ń lọ̀ wá góòlù ba ilẹ̀ àti omi àwọn abúlé jẹ́, ó sì pa ọmọdé tó ju 400 lọ. Lọ́dún 2021, onígbáméjì pa èèyàn tó lé ní 3,000 ní Nàìjíríà, àwọn ìpínlẹ̀ òkè ọya ló sì jẹ nínú rẹ̀ jù. Omi tí ìgbẹ́ kó wọ̀ wà lára ohun tó ń tan àìsàn yẹn kálẹ̀.

Ta ló láṣẹ lórí omi?

Ìwé òfin ọdún 1999 fi omi tí Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ bá kéde pé ó kan ìpínlẹ̀ tó ju ẹyọ kan lọ sábẹ́ ìjọba àpapọ̀. Òfin omi ọdún 1993 ló ń ṣàlàyé bí wọ́n á ṣe lo agbára yẹn. Ìjọba ìpínlẹ̀ ní àjọ tó ń gbẹ́ omi fáwọn abúlé. Káńsù ní tirẹ̀ ló sún mọ́ aráàlú jù: òun ló ń rí sí ìmọ́tótó, òfin sì ní kó kópa nínú ètò ìdàgbàsókè agbègbè rẹ̀.

Ibi tó yẹ kẹ́ ẹ dì mú nínú òfin 1993 rèé: ẹni tó ní ẹ̀tọ́ láti wà lórí ilẹ̀, ì báà jẹ́ nípa ìwé ìjọba tàbí nípa àṣà ìbílẹ̀, lè mu omi abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ìlò ilé, fún ẹran ọ̀sìn àti fún oko ara rẹ̀. Omi tí gbogbo èèyàn láǹfààní láti dé, ẹnikẹ́ni lè pọn ún lọ́fẹ̀ẹ́ fún ilé àti fún ẹran. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé ìjọba àpapọ̀ ní kẹ́ ẹ máa sanwó lórí garawa omi kànga ilé yín, ẹ bi í léèrè òfin tó fi ń sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ agbára yìí kì í ṣe kékeré. Lọ́dún 2020, àbádòfin omi tuntun dá ariwo sílẹ̀ káàkiri, torí àwọn kan ní ìjọba àpapọ̀ fẹ́ gba etí odò mọ́ ìpínlẹ̀ lọ́wọ́. Ilé Aṣojú-ṣòfin tó ti fọwọ́ sí i náà ló padà fagi lé e.

Ohun tí wọ́n ń bá ara wọn fà ní káńsù

Ohùn mẹ́ta lẹ máa gbọ́ níbi irú ìjókòó bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ní kí wọ́n ka kànga àti bọọ́hóòlù, kí wọ́n mọ bó ṣe jìn tó, kí àwọn tó ń fa omi púpọ̀ gbàṣẹ. Ọ̀rọ̀ wọn mọ́gbọ́n dání, torí ohun tí a ò kà, a ò lè dáàbò bò ó. Àwọn kejì, pàápàá àgbẹ̀, ní àṣẹ yẹn á di ọ̀nà àtigba owó lọ́wọ́ tálákà, nígbà tí ẹni tó ń fa omi jù á fowó dí wọn lẹ́nu. Ẹ̀rù tiwọn náà ò dá wà lásán. Àwọn kẹta ní kò sí ohun tí káńsù lè dá ṣe, torí pé láti ìpínlẹ̀ míì ni omi ti ń bọ̀. Òótọ́ ni, àmọ́ jíjìnnà kànga sí ṣáláńgá kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìpínlẹ̀ míì.

Ibi tó ti kan àwa

Àwa tá a wà lájò ní ìṣòro mẹ́ta tó jẹ́ tiwa. Àkọ́kọ́, ayálégbé lọ̀pọ̀ nínú wa. Onílé ni ẹ̀tọ́ ilẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe àwa, kódà bó bá jẹ́ àwa la fowó wa gbẹ́ kànga. Ìkejì, orúkọ wa kì í sábà sí nínú ìgbìmọ̀ omi abúlé, torí wọ́n ń wò wá bí àlejò tó máa padà sílé lọ́la. Wọ́n á pín pọ́ńpù, kò ní kan àdúgbò wa. Ìkẹta, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, àwa náà ń ṣẹ̀. A ti rí ọgbà tó jẹ́ tàwọn èèyàn wa, tí kànga àti ṣáláńgá ò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá síra wọn lọ. Ohun táwọn onímọ̀ ìlera máa ń sọ ni pé kó tó mítà 30.

Nítorí náà, ohun tá a dábàá fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan nìyí. Kí ẹ ka kànga tó wà lọ́dọ̀ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kí káńsù tó wá kà á, kí ẹ kọ bó ṣe jìn tó àti oṣù tó máa ń gbẹ. Kí ayálégbé tó bá fẹ́ gbẹ́ kànga gba ìwé lọ́wọ́ onílé, kí mai unguwa sì mọ̀ sí i. Kí ẹ ní kí wọ́n fi ẹnì kan látọ̀dọ̀ yín sínú ìgbìmọ̀ omi, kó sì jẹ́ obìnrin tí wọ́n bá lè gbà, torí àwọn ló mọ iye ìgbà tí okùn ti já. Bí káńsù bá pe ìjókòó, ẹ má jókòó sílé. Bẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ bèèrè ẹni tó ń fa omi jù àti ohun tí wọ́n máa fi owó àṣẹ náà ṣe.

Omi tá à ń mu níhìn-ín làwọn ọmọ wa tí wọ́n bí síbí náà ń mu. Ẹni tó bá da omi síwájú ló máa tẹ ilẹ̀ tútù. Kí ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀ tó dé, ẹ jẹ́ ká ti kàn wọ́n lára níbi tí wọ́n ti ń pín in.