Òdòdó Tó Ń Gba Oúnjẹ Lẹ́nu Apẹja

Nígbà tí mo lọ yẹ ìwé owó ẹgbẹ́ kan wò, mo rí koríko orí omi tí à ń pè ní wọ́tà háyásíǹtì nínú ìkòkò omi níwájú ilé ọmọ ẹgbẹ́ kan. Òdòdó elésè àlùkò rẹ̀ ló wù ú tó fi gbìn ín.

Ewu ńlá ni. Gúúsù Amẹ́ríkà ni koríko yìí ti wá. Ẹwà rẹ̀ ló mú kí àwọn ènìyàn máa gbé e kiri ayé. Ní ọdún 1984 ni a rí i lójú omi Badagry. Lẹ́yìn náà ó gba ọ̀sà Èkó, ó dé ilẹ̀ Ìlàjẹ. Láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, ó lè di ìlọ́po méjì.

Níbi tó bá ti bo omi, ọkọ̀ kì í lè kọjá, àwọ̀n a máa ya, ẹja kì í rí afẹ́fẹ́ mí. Apẹja tó yá owó ẹgbẹ́ ra àwọ̀n, níbo ni yóò ti rí i san? Gbèsè rẹ̀ di ti gbogbo wa.

Nítorí náà, ẹ má gbìn ín. Bí ó bá ti wà nílé yín, ẹ má dà á sí gọ́tà tàbí odò. Òjò kan ṣoṣo tó láti gbé e lọ. Ẹ sá a sórí ilẹ̀ títí yóò fi gbẹ, kí ẹ sì sun ún. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.