Kí Ló Ń Pa Ẹja Inú Àpótí Tuntun? Àlàyé lórí Ìyípo Náítírójìn fún Ará Rogers Park

Ìfáàrà

Rogers Park wà ní ìparí àríwá ìlú Chicago, létí adágún Michigan. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ níbẹ̀, nínú àwọn fúláàtì kéékèèké tí onílé lè má gba ajá tàbí ológbò láyè. Ẹja ló rọrùn láti sìn nírú ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ra àpótí onígíláàsì lónìí, tó bu omi ẹ̀rọ sí i, tó sì kó ẹja márùn-ún sínú rẹ̀ lọ́la, lè rí i láàárín ọ̀sẹ̀ méjì pé àwọn ẹja náà ń mí gúlegúle lójú omi, tàbí kí wọ́n tilẹ̀ ti kú. Omi náà sì mọ́ gaara o! Kí ló wá pa wọ́n?

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ: omi tuntun kò tíì ní òṣìṣẹ́. Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan wà tó yẹ kí wọ́n ti gbilẹ̀ nínú àpótí kí ẹja tó wọlé. Bí nǹkan kò bá lọ déédéé, ẹ má sáré da gbogbo omi nù, ẹ má sì fọ gbogbo ohun tó wà nínú àpótí. Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ yìí ti dúró.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó yẹ kí a mọ̀

Èdè Yorùbá kò ní orúkọ àtijọ́ fún àwọn nǹkan wọ̀nyí, nítorí náà a máa kọ wọ́n bí a ṣe ń pè wọ́n: amóníà, náítíráìtì àti náítíréètì. Ẹ fetí sí méjì tó kẹ́yìn dáadáa. Ìyàtọ̀ àárín wọn kéré létí, bí ìyàtọ̀ àárín ọkọ́ àti ọkọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan máa ń tètè pa ẹja, èkejì kì í tètè pa á.

Amóníà ni ẹja ń tú jáde, pàápàá láti ibi tó fi ń mí. Oúnjẹ tí ẹja kò jẹ tán, tó wá rà sísàlẹ̀ omi, máa ń di amóníà pẹ̀lú. Òun náà ló ń ta síni nímú nínú ilé adìẹ tí wọn kò gbá. Ó máa ń jó ibi tí ẹja fi ń mí.

Náítíráìtì ní tirẹ̀ máa ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ ẹja, kì í sì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ gbé afẹ́fẹ́ ọ́síjìn kiri ara. Ẹ̀jẹ̀ náà á pọ́n bí kọfí. Ẹja á máa wá afẹ́fẹ́ kiri bó tilẹ̀ jẹ́ pé afẹ́fẹ́ pọ̀ nínú omi.

Náítíréètì kò le tó bẹ́ẹ̀. Ó dà bí ajílẹ̀, torí ewéko inú omi ń jẹ ẹ́. Ìgbà tó bá pọ̀ jù ló ń di wàhálà.

Bí ìyípo náà ṣe ń lọ

Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kìíní ń jẹ amóníà, wọ́n ń sọ ọ́ di náítíráìtì. Ẹgbẹ́ kejì ń jẹ náítíráìtì, wọ́n ń sọ ọ́ di náítíréètì. Àwa fúnra wa wá ń pààrọ̀ díẹ̀ nínú omi náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kí náítíréètì lè dín kù. Ó tán. Ohun tó mú un ṣòro ni pé ẹgbẹ́ kejì kò rí oúnjẹ jẹ àfi tí ẹgbẹ́ kìíní bá ti ṣiṣẹ́. Àwọn kòkòrò yìí kì í sì í tètè bí sí i. Àwọn bakitéríà kan wà tí wọ́n lè di ìlọ́po méjì láàárín ogún ìṣẹ́jú, ṣùgbọ́n ó máa ń gba àwọn tiwa yìí ní ọ̀pọ̀ wákàtí, nígbà mìíràn ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí ètò náà fi sábà máa ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà.

Ẹ rántí pé wọn kì í pọ̀ nínú omi fúnra rẹ̀. Ara fóòmù asẹ́, ara òkúta wẹ́wẹ́ àti ara gíláàsì ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́.

Ní nǹkan bí ọdún 1890 ni Sergei Winogradsky, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Rọ́ṣíà, fi hàn pé kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Fún ìgbà pípẹ́, Nitrobacter ni ìwé ń dárúkọ fún ìpele kejì. Ní 1998, àwọn olùwádìí rí i pé Nitrospira ló ń ṣe é nínú àpótí ẹja olómi tí kò níyọ̀. Ní 2015, a tún gbọ́ pé àwọn Nitrospira kan lè dá ìpele méjèèjì ṣe. Ìtàn yìí wúlò lọ́jà: tí ẹ bá fẹ́ ra bakitéríà inú ìgò, ẹ ka ara ìgò náà kí ẹ wò bóyá Nitrospira wà níbẹ̀.

Omi àti òtútù Rogers Park

Adágún Michigan ni omi ẹ̀rọ wa ti ń wá, adágún kan náà tí ẹ máa rí tí ẹ bá rìn lọ sí ìparí Touhy Avenue. Ilé iṣẹ́ omi Jardine, tó wà nítòsí Navy Pier, ló ń sọ ọ́ di mímọ́ fún apá àríwá ìlú. Wọ́n ń fi kilorínì sí i kí ó má bàa kó àrùn ràn wá. Ṣùgbọ́n kilorínì tó ń pa kòkòrò àrùn fún wa, òun náà ló ń pa òṣìṣẹ́ yín. Nítorí náà, ẹ máa fi oògùn apa-kilorínì sí omi kí ó tó wọ àpótí, ìgbàkígbà tí ẹ bá fẹ́ bu omi.

pH omi yìí ju 7 lọ. Èyí dára fún òṣìṣẹ́, torí wọn kò fẹ́ràn omi tó kan. Àmọ́ ó ní ewu tirẹ̀. Amóníà ní oríṣi méjì nínú omi: ọ̀kan ń pa ẹja, èkejì kò fi bẹ́ẹ̀ le. Tí omi bá wà ní 25°C, tí pH sì jẹ́ 7, èyí tó ń pa ẹja kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Tí pH bá di 8, ó ti ju ìdá márùn-ún lọ. Ẹ wá rí i pé iye amóníà tí ẹja ẹlòmíràn fara dà ní ìlú mìíràn lè pa ẹja yín níbí.

Ti òtútù ńkọ́? Òfin ìlú Chicago ní kí onílé mú ilé gbóná dé 68°F lọ́sàn-án àti 66°F lóru, láti September 15 sí June 1. Ìyẹn sún mọ́ 20°C. Ó tó fún ènìyàn tó wọ súẹ́tà, ṣùgbọ́n kò tó fún ẹja ilẹ̀ olóoru, iṣẹ́ àwọn kòkòrò wa náà á sì máa fà. Ẹ fi hítà sínú omi kí ó wà ní 25 sí 28°C.

Ibo ni iṣẹ́ ti dúró?

Ẹ ra ohun èlò ìdánwò omi tó ń wọn amóníà, náítíráìtì àti náítíréètì, kí ẹ sì máa kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí ẹ bá rí ló máa sọ ohun tí ẹ máa ṣe.

Amóníà ga, náítíráìtì jẹ́ òdo. Ẹgbẹ́ kìíní kò tíì dé. Tó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ kìíní ni, kò sí wàhálà. Tó bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ bi ara yín: ṣé mo pa kilorínì? Ṣé omi gbóná tó? Àbí amóníà ti pọ̀ jù? Tó bá ti ju mílígírámù 5 lọ nínú lítà kan, ó lè dí àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn lọ́wọ́. Ẹ pààrọ̀ ìdajì omi náà.

Amóníà jẹ́ òdo, náítíráìtì ga, kò sì sọ̀ kalẹ̀. Ibí ni sùúrù ti máa ń tán. Ẹ má tú àpótí palẹ̀ o, torí ìdajì iṣẹ́ ti parí. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ wo pH: tó bá ti wálẹ̀ ju 6.5 lọ, ẹ fi omi ẹ̀rọ tuntun tí ẹ ti pa kilorínì inú rẹ̀ rọ́pò díẹ̀, á gòkè padà.

Gbogbo rẹ̀ jẹ́ òdo, títí kan náítíréètì. Ẹ má tíì yọ̀. Tí ewéko kò bá pọ̀ nínú omi, a jẹ́ pé kò sí ohun tó bẹ̀rẹ̀ rárá, torí òṣìṣẹ́ kò rí oúnjẹ jẹ.

Ó ti dáa tẹ́lẹ̀, amóníà tún padà wá. Ẹ wo ọwọ́ ara yín. Ṣé ẹ fọ fóòmù asẹ́ lábẹ́ ẹ̀rọ omi? Ṣé ẹ jù ú nù, ẹ ra tuntun? Ṣé iná lọ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, tí asẹ́ kò ṣiṣẹ́? Ṣé ẹ kó ẹja púpọ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà? Fóòmù asẹ́ kì í ṣe aṣọ Sọ́ńdè tó gbọ́dọ̀ funfun. Inú omi àpótí tí ẹ bù sínú bákẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ ti fún un, kí ẹ sì dá a padà.

Omi funfun bí omidùn. Àwọn bakitéríà mìíràn tó ń jẹ ìdọ̀tí ló fà á. Láàárín ọjọ́ mélòó kan á mọ́. Mímọ́ rẹ̀ kò sì sọ pé ìyípo ti parí.

Bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀ láìsí ẹja

Ọ̀nà tó dára jù ni kí ẹ bọ́ òṣìṣẹ́ kí ẹ tó ra ẹja. Ẹ ra amóníà inú ìgò tí kò ní ọṣẹ tàbí lọ́fíńdà. Ẹ mi ìgò náà: tó bá hó, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ fi sínú omi títí á fi dé mílígírámù 2 nínú lítà kan. Tó bá tán, ẹ tún fi sí i. Lọ́jọ́ tí amóníà àti náítíráìtì bá di òdo láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún, tí náítíréètì sì hàn, iṣẹ́ ti parí. Ẹ pààrọ̀ èyí tó pọ̀ jù nínú omi náà, ẹ wá kó ẹja díẹ̀díẹ̀ wọlé. Tí ọ̀rẹ́ yín bá ní àpótí tí ara ẹja rẹ̀ le, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó gé díẹ̀ fún yín lára fóòmù rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó gbẹ lọ́nà.

Tí ẹja bá ti wà nínú omi ńkọ́? Ẹ dín oúnjẹ kù sí ẹ̀ẹ̀kan lọ́jọ́ méjì. Tí amóníà tàbí náítíráìtì bá kọjá 0.5, ẹ pààrọ̀ ìdá mẹ́rin tàbí ìdajì omi. Fún náítíráìtì, iyọ̀ gírámù kan nínú lítà mẹ́wàá ń ṣèrànwọ́, torí kì í jẹ́ kó rí ọ̀nà wọ inú ẹ̀jẹ̀ ẹja.

Ọ̀ràn yìí kò ṣàjèjì nílé

Àwọn tó ń sin ẹja àrọ̀ nínú tánkì oníkọnkéré ní Ìbàdàn àti Ìkòròdú ń bá amóníà kan náà jà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pààrọ̀ omi léraléra. Àrọ̀ lè gba afẹ́fẹ́ lókè omi, nítorí náà ó lè fara da omi tó máa pa ẹja mìíràn. Tí ẹ bá sì fẹ́ ẹja ilé nínú àpótí yín, ẹ béèrè kribensis, Pelvicachromis pulcher. Odò gúúsù Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù ló ti wá, ó sì lè gbé nínú omi wa.

Tí ìyá àgbà bá wá béèrè lórí fóònù pé kí ló dé tí àpótí yín ṣì ṣófo lẹ́yìn oṣù kan, ẹ ní: "Ẹ má bínú, Màmá, àwọn òṣìṣẹ́ ni mò ń bọ́ kí n tó ra ẹja." Àgbà tó ti dáko rí á yé e: a kì í fi irúgbìn sórí ilẹ̀ tí kò tíì jí.

Ìgúnlẹ̀

Ẹ wọn omi, ẹ ka ohun tí ẹ rí, ẹ tún èyí tó bàjẹ́ ṣe, ẹ fi èyí tó kù sílẹ̀. Tí ẹja sísìn bá sì sú yín, ẹ wá ẹni tó máa gbà wọ́n. Ẹ má dà wọ́n sínú adágún Michigan. Ẹja àjèjì àti àrùn tó bá gbé wá lè ba adágún náà jẹ́, ibẹ̀ sì ni omi tí gbogbo wa ń mu ti ń wá.