Ọbẹ̀ Olú: Ọbẹ̀ Tí Kì í Ṣe Owó Nìkan Ló Pa Á

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ẹran, epo, ata àti irú, kò sí èyí tí ọlọ́jà ń fi tọrẹ nínú wọn. Ṣùgbọ́n ọbẹ̀ kan wà nílẹ̀ Yorùbá tí òwe yìí kò ká tán, òun náà ni ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tí a fi olú àti ẹran màlúù sè. Nínú gbogbo ohun tí ń wọ ìkòkò ọbẹ̀ yìí, èyí tí ó fún un lórúkọ kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó bá mọ ibi tí ó ń hù. Ìmọ̀ ni ó ń gbà. Bí ìmọ̀ náà bá sì kùnà, kì í ṣe owó ni ilé bẹ́ẹ̀ yóò fi san gbèsè rẹ̀.

Olú kì í ṣe ẹbí ẹ̀fọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú agbọ̀n kan náà ni a ń kó wọn sí. Kì í yọ ewé, kì í tanná, kì í so. Ohun tí ó ti kú tí ó sì ń jẹrà ni ó fi ń ṣe oúnjẹ. Òmíràn a máa hù lára ìtì igi, òmíràn lórí pàǹtí ọ̀pẹ ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń fún epo. Ṣùgbọ́n àwọn tí àgbẹ̀ fẹ́ràn jù lọ ni àwọn tí ń yọ ní ìdí ọ̀gán nígbà tí òjò bá ti rin ilẹ̀ dáadáa. Àwọn ẹlẹ́gàn lè pe ikán ní ọ̀bàyéjẹ́ nítorí òpó ilé àti ìwé tí ó ń jẹ, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ paraku ni. Koríko gbígbẹ àti igi tí ó ń jẹ, inú ihò rẹ̀ ni ó ń kó wọn lọ, tí ó ń mọ wọ́n jọ bí ebè kékeré. Orí ebè náà ni olú ń fọ́n ká sí bí òwú funfun. Olú yóò ba igi líle náà jẹ́ títí yóò fi rọ̀, ikán yóò sì jẹ èyí tí ó rọ̀. Nígbà tí òjò bá dé, olú a yọ orí síta, ọmọ ènìyàn a sì wá kórè oko tí kò ro. Ìdí nìyí tí ọ̀gbìn irú olú báyìí fi ṣòro púpọ̀: láìsí ikán, kò sí oko.

Nínú àwọn olú ikán yìí ni olú ọ̀rán wà, tíntìntín funfun tí í máa bo ilẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu bí ẹni pé wọ́n da ìrẹsì sílẹ̀. Nínú wọn náà ni àwọn ńlá wà, tí ọ̀kan ṣoṣo lè kún àwo. Ní ọdún 1975, B. A. Oso tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nípa olú àti àwọn Yorùbá, níbi tí a ti rí orúkọ tí àwọn baba wa fún oríṣiríṣi olú. Ohun tí ó yẹ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣàkíyèsí nínú rẹ̀ ni pé ẹni tí kò bá lè ya nǹkan méjì sọ́tọ̀ kò ní fún wọn lórúkọ méjì. Ojú tí ó ń rí ìyàtọ̀ ni ó bí orúkọ wọ̀nyẹn.

Àwọn ọmọdé àti obìnrin ni ó sábà máa ń wá olú, ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, nítorí pé olú kì í pẹ́ bàjẹ́. Bí oòrùn bá mú un tán, kòkòrò á ti wọ̀ ọ́, tàbí kí ó ti rọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àpọ́njù. Ṣùgbọ́n ọmọdé kì í ti oko dé kí ó da olú sínú ìkòkò fúnra rẹ̀. Ìyá àgbà ni yóò kọ́kọ́ da agbọ̀n náà sórí ẹní. Yóò yí olú kọ̀ọ̀kan dojú délẹ̀, yóò wo abẹ́ agboorùn rẹ̀, níbi tí ó ti pín sí pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ bí ewé ìwé. Yóò wo ọrùn rẹ̀ bóyá ó ní òrùka, yóò wo ìdí rẹ̀ bóyá ó jókòó sínú ife, yóò gbóòórùn rẹ̀. Yóò bi ọmọ náà léèrè ibi tí ó ti tu ú: ṣé ìdí ọ̀gán ni, àbí ìdí igi wo? Èyí tí kò bá dá a lójú, ìta ló ń lọ. Ilé ẹ̀kọ́ ni orí ẹní náà jẹ́, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ gbé ìwé jáde níbẹ̀. Ìdààmú tí ó wà lóde báyìí ni pé àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ń lọ sọ́run, àwọn ọmọ ọmọ wọn sì ń gbé ìlú ńlá tí kò sí ọ̀gán níbẹ̀.

Ohun tí ó wá rọ́pò ìmọ̀ náà kò dára tó o. Àwọn kan gbà pé olú tí ìgbín tàbí kòkòrò bá ti jẹ kò lè pa ènìyàn. Irọ́ ni, ìgbín a máa jẹ ohun tí yóò pa olówó rẹ̀. Àwọn mìíràn ní kí a sè é pọ̀ mọ́ àlùbọ́sà, pé bí àlùbọ́sà kò bá dúdú, kò sí ewu. Àwọn kan sì ní ewu kò sí nínú ohunkóhun tí iyọ̀ àti iná bá ti kàn pẹ́. Kò sí ọ̀kan tí ó jẹ́ òtítọ́ nínú wọn. Olú kan wà tí ó wọ́pọ̀ ní àwọn ilẹ̀ olóoru, orí koríko tútù ni ó ń hù, títí dé ọgbà ilé ẹ̀kọ́ àti iwájú ilé. Ó tóbi, ó funfun, ó wu ojú, ṣùgbọ́n bí ó bá ti gbó, abẹ́ rẹ̀ a máa ṣe bí àwọ̀ ewé. Ẹni tí ó bá jẹ ẹ́ yóò bì, yóò sì yàgbẹ́ gbuuru títí agbára rẹ̀ yóò fi tán.

Èyí tí ó burú jù lọ kò sí nínú igbó wa. Òkè òkun ni ó wà, ó sì kan àwọn ọmọ wa tí ó wà níbẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní àwọn apá kan ní Amẹ́ríkà, olú kan wà tí àwọn òyìnbó ń pè ní death cap. Nígbà tí ó bá ṣì kéré, ó jọ olú orí pàǹtí ọ̀pẹ tí à ń jẹ nílé bí ìbejì, nítorí pé àwọn méjèèjì ni ó ní ife ní ìdí. Bí wọ́n bá dàgbà ni ìyàtọ̀ ń yọ: abẹ́ ti ilé a máa pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, abẹ́ ti òkè òkun a máa funfun. Sísè kò mú oró rẹ̀ kúrò. Ó lè tó wákàtí 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà mìíràn ó tilẹ̀ lè tó wákàtí 24, kí inú tó bẹ̀rẹ̀ sí í run ẹni tí ó jẹ ẹ́. Lẹ́yìn èébì àti ìgbẹ́ gbuuru, ara lè dà bí èyí tí ó ti yá, tí àwọn ará ilé yóò máa dúpẹ́, nígbà tí oró ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ lábẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó mọ olú bí ẹni mọ owó ní Ìjẹ̀bú tàbí Oǹdó, àlejò ni ní ilẹ̀ onílẹ̀. Olú tí ó wà nínú ilé ìtajà ni kí ó rà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ẹni tí ó wà nílé tí kò ní ìyá àgbà tí yóò tú agbọ̀n rẹ̀ wò. Oríṣi olú kan wà tí wọ́n ń gbìn, tí ó rí bí etí, tí àwọn abala rẹ̀ ń gun ara wọn lórí. Kò nílò ikán. Inú èérún pákó tí ayùn gé kù ni wọ́n ń gbìn ín sí, nínú àpò ọ̀rá, nínú ilé tí ó ṣókùnkùn tí ó sì tutù. Ilé iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Òṣòdì, FIIRO, ti kọ́ àwọn ènìyàn ní ọ̀gbìn náà. Àwọn tí ó mọ ti inú igbó ní kò dùn tó ti ikán, wọn kò sì parọ́. Ṣùgbọ́n ọkàn ẹni á balẹ̀ bí a bá ń jẹ ẹ́.

Ti ẹran màlúù ńkọ́? Láyé àtijọ́, ẹran ìgbẹ́, ẹja àti ìgbín ni ó ń wọ ọbẹ̀ ojoojúmọ́. Màlúù tí a ń pa lójoojúmọ́ lónìí, láti òkè Ọya ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá. Ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, ó sì tẹ̀síwájú lọ sí ìhà Àríwá. Sábó ti Ìbàdàn, tí àwọn Hausa tẹ̀ dó sí ní 1916, di ojúkò òwò obì àti màlúù. Báyìí ni ẹran màlúù ṣe di ohun tí òṣìṣẹ́ ń rà ní ìwọ̀n díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ alápatà, tí ó sì pàdé olú nínú ìkòkò kan náà. Kí ó tó dìgbà náà, àìsí ẹran ni ó sábà máa ń mú kí olú jẹ́ ẹran. Ibi yìí ni a ti gbọ́dọ̀ sọ òótọ́: omi ni ó pọ̀ jù nínú olú tútù, ó tó ìdá 9 nínú 10. Ẹnu ni olú ń tàn jẹ ju ara lọ. Ẹran díẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ kì í ṣe àṣejù, pàápàá fún ọmọ tí ó ń dàgbà.

Kì í ṣe Yorùbá nìkan ni ó so ẹran màlúù àti olú pọ̀. Àwọn ará Rọ́ṣíà ní ọbẹ̀ kan tí wọ́n fi orúkọ ìdílé ọlọ́lá Stroganov pè. Elena Molokhovets kọ bí a ti ń sè é sínú ẹ̀dà ìwé ìdáná rẹ̀ tí ó jáde ní 1871: ẹran màlúù, mọ́sítádì, àti ọ̀rá wàrà kíkan. Kò sí olú nínú rẹ̀ nígbà náà. Ẹ̀yìn ni olú wọlé, tí ó sì di pé ọ̀pọ̀ kò lè ronú ọbẹ̀ náà láìsí i. Ohun tí ọ̀rá wàrà ń ṣe fún tiwọn, pé kí ọbẹ̀ ki, kí ó sì máa yọ̀ lọ́nà ọ̀fun, ẹ̀gúsí ti ń ṣe é fún tiwa. Nǹkan bí ìdajì ẹ̀gúsí ni òróró, ó sì tún ń fún ara ní okun. Kò sí ìdí tí ìyàwó ilé yóò fi máa wá agolo ọ̀rá wàrà kiri.

Fún ènìyàn 6, ẹran kílò 1 tó, kí igẹ̀ wà nínú rẹ̀ kí ọ̀rá díẹ̀ lè bá a wá. Olú tútù ìdajì kílò. Ẹ̀gúsí bíbó agolo mílíkì 2. Tàtàṣé 3, ata rodo 3, àlùbọ́sà 2, irú ẹ̀kúnwọ́ kan, epo pupa ìdajì ife. Ẹran ni kí ó kọ́kọ́ kan iná, pẹ̀lú iyọ̀, àlùbọ́sà àti omi díẹ̀, nítorí pé ó lè tó wákàtí kan kí ó tó rọ̀, olú kò sì ní gbà ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ ni kí a da méjèèjì sínú ìkòkò pọ̀. Nígbà tí ẹran bá fi máa jinná, olú á ti di ìyàngbò.

Kí ẹran tó rọ̀, kí a gé ìdí olú tí erùpẹ̀ wà lára rẹ̀ sọ nù, kí a ṣan án kíákíá. Kí a má rẹ ẹ́ sómi, nítorí pé yóò mu omi bí kànìnkànìn. Ọwọ́ ni kí a fi ya á, gbọọrọ gbọọrọ, kì í ṣe ọ̀bẹ. Ibi tí a bá fi ọwọ́ ya ni ọbẹ̀ ń dì mọ́.

Lẹ́yìn náà, kí epo gbóná ṣùgbọ́n kí àwọ̀ rẹ̀ má ṣí. Kí a da olú àti àlùbọ́sà rírẹ́ sí i, kí a jẹ́ kí omi ara olú jáde kí ó sì gbẹ. Ibi yìí ni òórùn rẹ̀ ti ń jáde, ibẹ̀ sì ni aláìnísùúrù ti ń bà á jẹ́. Kí ata lílọ̀ tẹ̀lé e pẹ̀lú irú, kí ó dín títí tí ìkorò rẹ̀ yóò fi lọ, kí omi ẹran sì tẹ̀ lé e. Ẹ̀gúsí ni ó kù. Àwọn kan fẹ́ ẹ kó dì gbọ̀ngbọ̀n-gbọ̀ngbọ̀n, wọn kì í ro ó títí yóò fi dì. Ṣùgbọ́n fún ọbẹ̀ olú, kí ó kúnná ni ó dára. Kí a pò ó pẹ̀lú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kí ó rí bí ẹ̀kọ mímu, kí a máa dà á díẹ̀díẹ̀, kí a máa ro ó. Ẹran á wá wọlé. Iná kékeré, ìṣẹ́jú 15, títí epo yóò fi léfòó. Àwọn kan á fi ẹ̀fọ́ sí i. Kò burú, ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́ a máa bo adùn olú mọ́lẹ̀.

Iyán ni ó bá a mu jù, ẹ̀bà náà kò ṣe é tì. Bí ó bá ṣẹ́kù di ọjọ́ kejì, yóò ki ju bó ti wà lọ. Omi gbígbóná díẹ̀ ni kí a bù sí i kí ó tó kan iná, nítorí pé ẹ̀gúsí kì í pẹ́ jóná nídìí ìkòkò.