Odídẹrẹ́ Nínú Ilé ní Ìlọrin

Ìwó ni wọ́n ń kì mọ́ odídẹrẹ́, wọn kì í kì Ìlọrin mọ́ ọn. Igbó ni ilé ẹyẹ náà: gúúsù Nàìjíríà, Kamẹrúùnù, Gàbóònù, títí wọ Kóńgò, níbi tí ọ̀rinrin kì í ti í wọ́n, tí ọ̀pẹ sì pọ̀. Èyí tí ẹ bá rí ní Tánkẹ̀ tàbí ní GRA nílùú Ìlọrin, ẹnìkan ló gbé e gòkè wá. Ìbátan rẹ̀ tó mọ pápá bíi tiwa kéré sí i: ẹyẹ aláwọ̀ ewé, orí rẹ̀ rí bí eérú, ikùn rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tí àwọn òyìnbó sọ ní orúkọ ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gà. Ìyẹn máa ń dà wọ oko ẹ̀pà àti oko ọkà, kò sì fi bẹ́ẹ̀ mọ ọ̀rọ̀ sọ. Odídẹrẹ́ eléérú onírù pupa ni gbogbo ènìyàn ń wá, òun náà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Púpọ̀ nínú ohun tó ń ṣe é nínú ilé wa kò ju pé ó jẹ́ ẹyẹ igbó tó bára rẹ̀ nílùú ọ̀dàn, tó sì jẹ́ ẹyẹ ọlọ́pọ̀ èrò tó wá ku òun nìkan.

Ọ̀rọ̀ òfin ló yẹ ká kọ́kọ́ yanjú. Láàárín ọdún 1982 sí 2001, ó lé ní mílíọ̀nù kan odídẹrẹ́ tí wọ́n mú nínú igbó Áfíríkà tí wọ́n sì tà sókè òkun. Àtè ni àwọn ọdẹ fi ń mú wọn, ọ̀pọ̀ ló sì ń kú kí wọ́n tó dé ọjà. Ní Gánà, àwọn tó lọ ka ẹyẹ wọ̀nyí rí i pé nínú ẹyẹ ọgọ́rùn-ún kọ̀ọ̀kan tó wà níbẹ̀ ní 1992, àádọ́rùn-ún ó kéré tán ti lọ. Ìdí nìyí tí àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko tó wà nínú ewu, fi pàdé ní Johannesburg lọ́dún 2016, tí wọ́n fòfin de títa odídẹrẹ́ inú igbó láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì. Òfin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní 2017. Nàìjíríà ní òfin tirẹ̀ lórí àwọn ẹranko tó ń parẹ́ láti 1985, NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó àyíká, ló sì wà nídìí rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá gbé odídẹrẹ́ sínú agbọ̀n lẹ́bàá títì, tó ní kí ẹ wá rà á, ẹ má dá a lóhùn. Ẹyẹ tí wọ́n bí sínú ilé máa ń ní òrùka tí kò ní ojú ìsopọ̀ lẹ́sẹ̀. Ìgbà tó wà ní ọmọ ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n ti fi sí i, torí ẹsẹ̀ àgbà ẹyẹ kò lè gba inú rẹ̀ kọjá mọ́. Ẹ wo òrùka yìí, kí ẹ sì béèrè ìwé àṣẹ.

Ẹ jẹ́ ká wá ní ọ̀kan ti wà lọ́wọ́ yín.

Oúnjẹ ni ọ̀pọ̀ ilé ti ń ṣi í ṣe. Ẹ̀pà, búrẹ́dì, ìrẹsì, ó parí. Ẹ̀pà dùn mọ́ ọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rá ló kún inú rẹ̀, kò sì ní fítámì A àti kálísíọ̀mù tó. Èyí tó bá sì ti bu lè ba ẹ̀dọ̀ ẹyẹ jẹ́. Nínú igbó, ẹyìn ni odídẹrẹ́ fẹ́ràn jù, inú ẹyìn sì ni èròjà tí ara fi ń ṣe fítámì A wà jaburata. Ẹyìn kò wọ́n ní Ọjà Ọba. Ẹ fún un ní ẹyọ kan tàbí méjì lóòjọ́, kí ẹ fi tẹ̀tẹ̀, ìbẹ́pẹ, mángòrò, kárọ́ọ̀tì àti àgbàdo tútù kún un. Ẹ lè fún un ní ata rodo pẹ̀lú, ẹ má bẹ̀rù: ohun tó ń mú ata ta wá lẹ́nu kì í ta ẹyẹ rárá. Àmọ́ píà, ṣokoléètì, kọfí, ọtí àti oúnjẹ oníyọ̀ lè pa á.

Kálísíọ̀mù gba àlàyé díẹ̀, torí odídẹrẹ́ eléérú ni àìtó rẹ̀ máa ń bá fínra jù nínú gbogbo ìbátan rẹ̀. Bí kò bá tó nínú ẹ̀jẹ̀, gìrì á mú ẹyẹ náà, á já bọ́ lórí igi. Wọ́n á ní ayé ló ṣe é. Èèpo ẹyin tí a sè, tí a sá gbẹ, tí a sì lọ̀ kúnná dára fún un, ṣùgbọ́n ara kò lè lo kálísíọ̀mù láìsí fítámì D, oòrùn ló sì ń mú ara ṣe ìyẹn. Oòrùn tó gba inú gíláàsì fèrèsé wọlé kò ṣiṣẹ́ yìí. Gbígbé e síta díẹ̀ láàárọ̀ kí oòrùn tó mú, níbi tí ìbòòji wà fún un láti sá sí, ló ń ṣe é.

Tí ọyẹ́ bá dé, Ìlọrin a gbẹ táútáú. Ìyẹ́ odídẹrẹ́ ń mú ìyẹ̀fun funfun kan jáde tó fi ń tọ́jú ara, bí kò bá sì rí omi wẹ̀, ara á máa yún un. Ẹ fi ìgò tí a fi ń fín omi wọ́n omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ sí i lára lọ́sàn-án, ọjọ́ mélòó kan lọ́sẹ̀. Àwọn kan á na apá gba omi, àwọn mìíràn á kígbe bí ẹni tí wọ́n ń jà lólè. Wọ́n á mọ́ ọn lára.

Èéfín ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Ẹ̀dọ̀fóró ẹyẹ kò rí bíi tiwa tó ń wú tó ń fọn. Àwọn àpò afẹ́fẹ́ wà nínú ara rẹ̀ tó ń darí èémí gba ọ̀nà kan ṣoṣo, débi pé bó ti ń mí sínú ló ń rí afẹ́fẹ́ tuntun lò, bó sì ti ń mí síta náà ló ń rí i. Èyí ló fún un lágbára láti fò, òun náà ló ń jẹ́ kí májèlé tètè wọ̀ ọ́ lára. Jẹnẹrétọ̀, èédú, oògùn ẹ̀fọn tí a ń fín: ẹ má gbé e sí ìtòsí wọn. Páànù ìdínǹkan tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́, bó bá gbóná jù lórí iná, èéfín rẹ̀ lè pa ẹyẹ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Bí ẹ bá ń lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà láti ṣe ilé rẹ̀, ẹ sọ fún un pé ẹ kò fẹ́ wáyà tí wọ́n fi síńkì bò. Ojoojúmọ́ ni odídẹrẹ́ ń fi ẹnu họ irin, síńkì á sì wọ inú rẹ̀. Kí ilé náà fẹ̀ tó tí yóò fi lè na apá méjèèjì láìkan ẹ̀gbẹ́. Ẹ̀ka igi gúáfà tí títóbi wọn kò dọ́gba sàn fún ẹsẹ̀ rẹ̀ ju ọ̀pá kan ṣoṣo lọ. Ẹ fún un ní pòpó àgbàdo àti igi tí yóò máa fà ya. Bí ẹ kò bá fún un, àga yín ni yóò yà.

Ọ̀rọ̀ sísọ ńkọ́? Ohùn rẹ̀ kò ti ọ̀nà ọ̀fun lókè wá bíi tiwa. Ìsàlẹ̀ ọ̀nà èémí, níbi tó ti pín sí méjì lọ sínú àyà, ni ohùn ti ń jáde, ahọ́n rẹ̀ tó nípọn á sì tún un ṣe. Nínú igbó, ohùn ni wọ́n fi ń mọ ara wọn. Nínú ilé, ẹ̀yin lẹ ti di agbo rẹ̀, ohùn yín ló ń wá. Irene Pepperberg, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, ra odídẹrẹ́ kan ní Chicago lọ́dún 1977, ó sọ ọ́ ní Alex. Kí Alex tó kú ní 2007, ó mọ ọ̀rọ̀ tó lé ní ọgọ́rùn-ún, ó mọ àwọ̀, ó sì lè ka nǹkan dé mẹ́fà. Wọn kò kàn ń kọ ọ̀rọ̀ sí i létí. Ènìyàn méjì ni yóò dúró níwájú rẹ̀, ọ̀kan á bi èkejì pé kí ni èyí, ẹni tó bá dáhùn dáadáa á gba nǹkan náà. Ìyá àti ọmọ lè ṣe é nílé: “Kí ni èyí?” “Ẹ̀pà ni, Mà.” Ọmọ gba ẹ̀pà, ẹyẹ ń wò. Láìpẹ́, òun náà á fẹ́ gba tirẹ̀.

Èyí tí wọ́n bá pa tì ní kọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tu ìyẹ́ ara rẹ̀, títí àyà rẹ̀ á fi wà ní ìhòòhò. Àìsàn lè fa èyí, nítorí náà kí dókítà kọ́kọ́ wò ó, àmọ́ ìdáwà wà lára ohun tó ń fà á. Ẹ̀yin tó sì ń wá ìkóódẹ, ẹ má fà á tu: ìyẹ́ ìrù ń já bọ́ fúnra rẹ̀ bí ìgbà ìpààrọ̀ ìyẹ́ bá dé, ẹ ó ṣa á nílẹ̀.

Ẹyẹ a máa fi àìsàn pamọ́, torí nínú igbó, aláìlera ni àṣá ń kọ́kọ́ gbé. Bí ẹ bá ti rí i tó wú ìyẹ́ rẹ̀ sókè lọ́sàn-án gangan, tó jókòó sílẹ̀, tí ìrù rẹ̀ ń mì bó ti ń mí, ó ti pẹ́ tó ń ṣàìsàn. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìlọrin lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ibà àti ikọ́ bá sì mú ẹ̀yin fúnra yín, ẹ sọ fún dókítà pé ẹ ń sin odídẹrẹ́, torí ó ní ibà kan tó lè ti ara ẹyẹ ran ènìyàn, ó sì ní oògùn bí wọ́n bá tètè mọ̀ ọ́n.

Odídẹrẹ́ tí a bá tọ́jú dáadáa lè lo ogójì ọdún, àwọn mìíràn ń súnmọ́ ọgọ́ta. Ẹni tó ti lé ní àádọ́ta ọdún tó fẹ́ gba ọmọ ẹyẹ yìí, kó kọ́kọ́ bi àwọn ọmọ rẹ̀ léèrè, ta ni nínú wọn yóò gbà á.