Ọmọ Ẹ̀yìn Ọkọ̀ Tí Kì Í Pariwo

Kò sí ẹni tí kò tíì rí ọkọ̀ akẹ́rù tó ń fi ẹ̀yìn wọ ọjà. Awakọ̀ jókòó síwájú, ẹrù iṣu ti dí i lójú, kò rí nǹkan kan lẹ́yìn. Ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ ló máa bọ́ sílẹ̀. Ó mú igi tí wọ́n fi ń há táyà dání lọ́wọ́ kan, ó ń fi ọwọ́ kejì gbá ara ọkọ̀ gbà-gbà-gbà: "Máa bọ̀! Máa bọ̀! Gé e sápá ọ̀tún! Máa bọ̀... Ó tó!" Ìyá elépo á yára fa kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ kúrò lọ́nà, á bú wọn díẹ̀, ọkọ̀ á sì wọlé. Awakọ̀ tó bá ní òun kò nílò ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀, ẹ bi í léèrè iye ìsọ̀ tó ti wó.

Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ yẹn dání lọ sí Amẹ́ríkà.

Lọ́hùn-ún, ọ̀pọ̀ ìdílé ló ń fi ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù fa ilé kiri. Ilé ni mo wí o: bẹ́ẹ̀dì wà nínú rẹ̀, sítóòfù gáàsì wà, fíríìjì wà, ilé ìwẹ̀ náà wà, táyà ló sì jókòó lé. Travel trailer ni wọ́n ń pè é, kì í ṣe irú tírélà tó ń gbé kọ̀ǹténà jáde ní Àpápá. Ìlú Elkhart àti agbègbè rẹ̀, ní ìpínlẹ̀ Indiana, ni wọ́n ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú irú ilé bẹ́ẹ̀. Tí ìgbà ooru bá dé, bàbá, ìyá àti ọmọ á so ilé mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, wọ́n á gba ọ̀nà orí òkè tàbí etí òkun lọ. Òmíràn gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 30, ó sì fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ àbọ̀. Ẹni tó bá ń fà á, tó bá gbójú sókè wo jígí àárín ọkọ̀, ògiri ni yóò rí.

Wọ́n kúkú ní òfin kámẹ́rà ẹ̀yìn ọkọ̀. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2018, gbogbo ọkọ̀ tuntun tí kò wúwo tó 10,000 pọ́n-ùn ní Amẹ́ríkà ló gbọ́dọ̀ ní in. Òfin tó bí èyí, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2008, ń jẹ́ orúkọ Cameron Gulbransen, ọmọ ọdún méjì tí bàbá rẹ̀ kò rí nígbà tó ń fi ẹ̀yìn ọkọ̀ wọ ilé. Àmọ́ tí ẹ bá ti lè so ilé mọ́ ọkọ̀, kámẹ́rà ọkọ̀ yẹn kò rí ju imú ilé lọ. Bí ìgbà tí ẹrù há ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ mọ́ àárín ló rí. Ilé tí wọ́n ń fà ní tirẹ̀ kò sí lábẹ́ òfin náà.

Ìdí nìyẹn tí àwọn ènìyàn fi ń ra kámẹ́rà kejì. Wọ́n á kàn án mọ́ ẹ̀yìn ilé lókè, wọ́n á gbé tẹlifíṣọ̀n kékeré kan síwájú awakọ̀. Afẹ́fẹ́ ni àwòrán ń gbà wá, bí ohùn ọmọ wa ṣe ń gba afẹ́fẹ́ dé etí ọ̀gá rẹ̀. Aláìlówáyà ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí orúkọ tàn yín: ó ṣì nílò iná. Lára iná kékeré tó wà lókè ẹ̀yìn ilé ló sábà ti ń jẹun, tí awakọ̀ kò bá sì tan iná ọkọ̀, ebi á pa kámẹ́rà, á dákẹ́. Ẹlòmíràn lè dá tirẹ̀ padà sọ́jà pé ó ti bàjẹ́, nígbà tó jẹ́ pé iná ni kò tàn.

Ariwo ni ìṣòro tó le jù. Ẹ̀rọ wọ̀nyí sábà máa ń lo ìgbì 2.4 GHz, Wi-Fi àti Bluetooth wà níbẹ̀, ààrò máíkíróweefù náà ń dá ariwo tirẹ̀ sí i. Ẹ wo gáréèjì Ìwó Road ní Ìbàdàn lówùúrọ̀, níbi tí gbogbo ọmọ ọkọ̀ ti ń kígbe lẹ́ẹ̀kan náà. Kámẹ́rà àtijọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní analog, ohùn tó bá dé ló ń gbà. Ẹni méjì tó bá wà nítòsí ara wọn lè máa wo ẹ̀yìn ilé ara wọn. Ti dígítà mọ ohùn ọmọ tirẹ̀. Ó máa ń fi díẹ̀ pẹ́ kí àwòrán tó dé, kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹni tó bá sì ń rìn jẹ́jẹ́ kò ní mọ̀ ọ́n lára. Irin tún máa ń dí ohùn náà lọ́nà. Airstream, ilé tó ń dán bí abọ́ tánganran, tí Wally Byam bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní California ní àwọn ọdún 1930, alumíníọ̀mù ni ara rẹ̀, kò sì rọrùn fún ìgbì láti là á já, kí ẹ gbé áńtẹ́nà síta ló dára. Byam yìí kan náà kó ọ̀wọ́ Airstream láti Cape Town dé Cairo ní 1959 sí 1960. Wọn kò ní kámẹ́rà ẹ̀yìn nígbà náà. Ènìyàn ló ń dúró lẹ́yìn.

Àwòrán tó bá dé kò kọ́ni ní ọkọ̀ wíwà. Ẹni tó ti ti ọmọlanke rí ló máa tètè gbà mí gbọ́: tí ẹ bá fẹ́ kí imú ọmọlanke yà sọ́tùn-ún, òsì ni ẹ máa ti ọwọ́ rẹ̀ sí. Bí ilé tí a so mọ́ ọkọ̀ ṣe rí nìyẹn tó bá ń fi ẹ̀yìn rìn. Àwọn àgbà awakọ̀ máa ń di ìsàlẹ̀ sítíárì mú. Ibi tí ọwọ́ bá lọ ni ìdí ilé á lọ. Ẹ rọra yí i, torí tó bá ṣẹ́ kọjá ààlà, ilé á kọ lu ọkọ̀. Ilé kékeré ló tún ń yára ṣẹ́ ju ńlá lọ. Ẹ yẹ ètò àwòrán náà wò pẹ̀lú, kí apá ọ̀tún yín wà lápá ọ̀tún rẹ̀ bíi ti jígí. Èyí tí ẹ kò bá yẹ̀ wò á dà bí ọmọ tó ń kígbe ọ̀tún, tó ń nawọ́ sósì, a sì mọ irú wọn.

Ohun tí mo fi ń bá kámẹ́rà jà ni pé kì í sọ pé ó tó. Ẹ̀ka igi tó yọ sórí ilé, kì í rí i. Ojú rẹ̀ tó fẹ̀ ń mú kí òpó tó ti sún mọ́ dà bíi pé ó ṣì jìnnà. Ẹrẹ̀ kan ṣoṣo tó bá ta sí i lójú, ó parí. Àwọn awakọ̀ ọkọ̀ ńlá ní Amẹ́ríkà ní àṣà kan tí wọn kì í fi ṣeré: bọ́ sílẹ̀, lọ wò ó. Kámẹ́rà kò pa ìyẹn rẹ́.

Ibi tí ó ti tó owó rẹ̀ lójú tèmi ni ojú ọ̀nà márosẹ̀, kì í ṣe ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ẹ fi í sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́, ẹ ó rí ọkọ̀ kékeré tó fara pamọ́ sídìí ilé yín kí ẹ tó yà. Ṣùgbọ́n jígí ẹ̀gbẹ́ tó gùn ni kí ẹ kọ́kọ́ rà. Òfin California ní awakọ̀ gbọ́dọ̀ rí ẹsẹ̀ bàtà 200 lẹ́yìn rẹ̀ nínú jígí. Tí owó bá ṣẹ́kù, ẹ ra kámẹ́rà dígítà. Tí kò bá ṣẹ́kù, tí ẹnìkan sì bá yín rìn, ẹ ní kó bọ́ sílẹ̀ kó máa gbá ara ilé.