Kí Nọ́ọ̀sì Mọ Ọjọ́ Orí Ọkàn Aláìsàn

Àwọn àgbà wa ní, ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ akèrègbè. Ohun tí ọmọdé ń wá kọ́ ni àgbà ń wá. Bí ó ti rí nínú ilé ni ó rí lórí ibùsùn àìsàn. Níwọ̀n bí ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa yìí ti di nọ́ọ̀sì, tí àwọn mìíràn sì ń múra láti tọ ọ̀nà náà, a fẹ́ fi àyè wa nínú ìwé àjọ̀dún yìí ṣàlàyé ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n ń há sórí fún ìdánwò, ṣùgbọ́n tí ó rọrùn láti gbàgbé bí a bá ti wọ wọ́ọ̀dù.

Erik Erikson ni ó gbé ẹ̀kọ́ náà kalẹ̀. Ní Frankfurt, ní ilẹ̀ Jámánì, ni a bí i ní 1902. Ó kọ́ iṣẹ́ ìwòsàn ọkàn lọ́dọ̀ Anna Freud ní Vienna, ó ṣí lọ sí Amẹ́ríkà ní 1933, ó sì tẹ ìwé rẹ̀, Childhood and Society, jáde ní 1950. Ó kọ́ni pé ipò mẹ́jọ ni ènìyàn ń là kọjá láti ìgbà ìkókó títí di ọjọ́ ogbó, àti pé ìjàkadì kan wà nínú ọkàn ní ipò kọ̀ọ̀kan. Kò sọ pé kí apá kan pa èkejì run. Ohun tí ó fẹ́ ni kí èyí tí ó dára wúwo jù.

Ìjàkadì ìkókó ni ìgbẹ́kẹ̀lé àti àìgbẹ́kẹ̀lé. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ìyá rẹ̀ wà nítòsí. Ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, títí di bí ọdún mẹ́ta, ń fẹ́ dá nǹkan ṣe. Ìtìjú àti iyèméjì ni ọ̀tá rẹ̀. Ẹ má ṣe bi í bóyá yóò lo oògùn, nítorí yóò kọ̀. Ẹ bi í pé ife wo ni ó fẹ́ fi mu ún. Ọmọ ọdún mẹ́ta sí bíi mẹ́fà ń dáwọ́ lé ohun gbogbo, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ tètè ń dá a lẹ́bi. Ó lè rò pé ìwà burúkú òun ni ó fa àìsàn. Ẹ sọ fún un ketekete pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń fẹ́ ṣe àṣeyọrí. Ẹ fún un ní iṣẹ́ kékeré, ẹ sì yìn ín, kí ó má baà rò pé òun ti rẹ̀yìn sí ẹgbẹ́ òun.

Ọ̀dọ́ ń wádìí ẹni tí òun jẹ́. Ẹ fa aṣọ ìkélé kí ẹ tó yẹ ara rẹ̀ wò. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ di géńdé ń wá ìfẹ́ tòótọ́, ó sì ń bẹ̀rù àdáwà. Ẹni tí ó wà ní agbedeméjì ayé kò lè sinmi bí kò bá mọ ẹni tí yóò san owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀, nítorí ìran tí ń bọ̀ ni ó ń tọ́. Arúgbó ń bojú wẹ̀yìn: ṣé ayé òun ní ìtumọ̀, àbí òfo ni?

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, nígbà tí a ń bẹ àwọn aláìsàn wò, a bá bàbá kan tí ó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún. Ó kọ oúnjẹ, ó sì kọ̀ kí wọ́n wẹ òun. Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì kan sọ fún wa pé olórí kunkun ni. Àwa náà kò sàn jù ú lọ: a dúró níbi ẹsẹ̀ ibùsùn, a gba àdúrà gígùn, a sì fẹ́ máa lọ. Bàbá náà ní, "Ẹ ṣeun, Àlùfáà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti dé ibí, kò sí ẹni tí ó bi mí pé iṣẹ́ wo ni mo ṣe láyé." Ojú tì wá. A fa àga, a jókòó. Iṣẹ́ bíríkìlà ni ó ṣe. Ó sì ka àwọn ilé tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ fún wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Akẹ́kọ̀ọ́ náà dúró gbọ́. Ní ọjọ́ kejì, ó gbé omi síwájú bàbá, ó fa aṣọ ìkélé, ó ní, "Bàbá, ẹ fọ ibi tí ọwọ́ yín bá tó, èmi yóò bá yín fọ ẹ̀yìn." Bàbá gbà, lẹ́yìn náà ó jẹun.

Ìjàkadì méjì ni ó wà lára bàbá yìí: ti arúgbó tí ń wá ìtumọ̀ ayé rẹ̀, àti ti ọmọ ọdún méjì tí kò fẹ́ kí a gba ara òun lọ́wọ́ òun. Joan Erikson, ìyàwó Erik, ṣàlàyé nínú àfikún ìwé ọkọ rẹ̀ tí ó jáde ní 1997 pé bí ogbó bá dé gan-an, àwọn ìjàkadì àtijọ́ a tún padà wá. Nítorí náà, ọjọ́ orí tí a kọ sínú fáìlì kò tó. Béèrè ni a gbọ́dọ̀ béèrè.

Olúwa wa pàápàá bi afọ́jú léèrè ohun tí ó ń fẹ́ kí Ó tó la ojú rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ó wọ aṣọ nọ́ọ̀sì lọ́la, ẹ gba ìdánwò yín já. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé ẹ̀bá ibùsùn, ẹ fa àga, kí ẹ sì béèrè. Kí Ọlọ́run bùkún ilé-ẹ̀kọ́ wa.